Kòkó Inú Balùwẹ̀

Ọyẹ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lóru Ẹtì, láì kan ilẹ̀kùn.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ètè mi ti là,
ilẹ̀kùn yàrá tó wú mọ́ férémù nígbà òjò
ti ń ṣí fúnra rẹ̀,
mo sì fi ìka kọ orúkọ mi sínú eruku orí tábìlì:
Àwẹ̀ró.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sáré lọ wò kì í ṣe adìyẹ,
kì í ṣe gààrí tí mo sá sórí páànù.
Kòkó ni.
Igi kòkó kan ṣoṣo, kò ga ju orúnkún mi lọ,
nínú agolo ọ̀dà tí mo fi ìṣó dá lu nídìí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀.
Mo mọ̀ pé kòkó kì í gbé ìlú kajú.
Kajú nìyẹn lẹ́yìn ilé,
tó ń tanná nínú eruku bí ẹni tí ọyẹ́ jẹ ní gbèsè,
kò bẹ ẹnikẹ́ni lómi.
Ṣùgbọ́n kòkó, ọmọ igbó dúdú ni,
ọmọ ibi tí omi ti ń kán lára ewé látàárọ̀ dalẹ́,
tí oòrùn ń tọrọ àyè kó tó wọlé.

Láti Ilé-Olújìí ni mo ti gbé e bọ̀,
lọ́jọ́ tí a sin Akínlàjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.
Àbúrò rẹ̀ la èso kòkó kan fún mi,
ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ lá a, ó dùn.”
Mo lá a. Mo di kóró mẹ́rin sétí ìró mi.
Mẹ́ta rà. Ọ̀kan yọjú,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, tó padà wá mú un.

Ọ̀sẹ̀ kan péré, etí ewé rẹ̀ ti gbẹ,
ó ká kò bí ìwé tí iná jẹ létí.
Mo gbé e kúrò lójú fèrèsé.
Mo gbé e sí pálọ̀, afẹ́fẹ́ bá a níbẹ̀.
Kíṣìnì ńkọ́? Èéfín.
Ìgbà tó yá, mo gbé e wọ balùwẹ̀,
ibi kan ṣoṣo tí ilé yìí ti ń rántí omi.

Mo bu yanrìn tútù sínú abọ́, mo gbé agolo lé e,
mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn Akínlàjà bò ó,
mo ń fi òwú nu eruku lójú ewé rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí mo ṣe ń nu ojú ọkọ mi
nígbà tí kò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́.
Bí mo bá fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn pa
kí ooru omi má ṣe jáde.

Kànga Òkè-Ẹlẹ́rìn ti fà.
Okùn kan ló ń dé omi lóṣù Ọ̀wàrà,
okùn méjì la so pọ̀ báyìí.
Ìdajì garawa ni mo fi ń wẹ̀.
Ìbídùn, tó ń gbé yàrá iwájú, ní,
“Màmá, ẹ̀yin ń wẹ ìdajì, igi ń wẹ odidi?”
Mo ní, ọmọ mi, èmi lè fi òrí para.
Kí ni ewé yóò fi para?

Nígbà tí Èrèlé dé, ewé méje ti já lára rẹ̀.
Mo kà wọ́n. Mo kó wọn sínú Bíbélì, n kò mọ ìdí rẹ̀.
Ó ku méjì.
Ó ku ọ̀kan.
Ó wá ku igi lásán, bí ọ̀pá tí afọ́jú gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà.
Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀:
abẹ́ rẹ̀ tutù, ó ṣì ní àwọ̀ ewé.
Mo da ojú garawa délẹ̀, mo jókòó lé e,
mo bá a sọ̀rọ̀.
N kò ní sọ ohun tí mo sọ.

Lánàá, mo wọlé lọ wẹ̀,
mo rí nǹkan kan ní góńgó igi, bí ahọ́n ọmọ ológbò,
pupa, ó rọ̀, ó ń dán,
kò tíì mọ̀ pé ewé lòun.

Òjò ò tíì rọ̀. Eruku ṣì wà lórí tábìlì.
Ilẹ̀kùn yàrá ṣì ń ṣí fúnra rẹ̀.
Mo bu omi, mo rọra wẹ̀, n kò fi ọṣẹ sí i,
kó má baà ta sí i lójú.